Dọ̀bálẹ̀ Ti Jí

Ìbejì ni wá. Nítorí náà, bí ẹ bá ń rí "a" àti "wa" nínú ohun tí a fẹ́ sọ yìí, ẹ má rò pé à ń ṣe bí ọba. Àwa méjèèjì la jọ ń gbé ilé kan náà ní Houston, àwa méjèèjì la jọ jogún ọgbà ẹ̀yìnkùlé màmá wa, àwa méjèèjì náà la sì jọ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ohun tí wọ́n fẹ́ràn jù nínú ọgbà yẹn. Ọ̀kan nínú wa ní kí a hú u dànù. Ẹnìkejì ní kí a máa bomi rin ín sí i. A kò ní sọ ta ló sọ èwo. Kò sí ẹni tó jàre nínú wa.

Màmá wa kú ní oṣù Kìíní ọdún 2023. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n ń ṣe níbí, láti ilé kan dé òmíràn. Ọjọ́ tí wọn kò bá lọ síbi iṣẹ́, ẹ̀yìnkùlé lẹ ti máa bá wọn. Ṣọkọ yòkòtò wà níbẹ̀, ewúro wà níbẹ̀, tẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, ata rodo náà kò gbẹ́yìn. Ooru Houston kì í ṣe àwọn yẹn ní nǹkan kan; àfi bíi pé ilé ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì onírin, níbi tí igi aládùúgbò ti ń ṣíji bolẹ̀ lọ́sàn-án, ìtàkùn kan wà níbẹ̀ tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó rí tín-ín-rín, ewé rẹ̀ le díẹ̀, àwọ̀ ewé náà sì dà bíi pé wọ́n fi aró díẹ̀ kùn ún. Bí èèyàn ṣe ń rí òpó iná láìwò ó la ṣe ń rí i. A kò bi màmá léèrè rí pé kí ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú, a jọ pinnu pé ohunkóhun kò gbọ́dọ̀ kú nínú ọgbà yẹn. Ẹni tó bá ti sin ìyá rí á mọ irú ìpinnu bẹ́ẹ̀. Kò ní làákàyè nínú, àmọ́ kò ṣeé bá jà.

Ooru wá dé. Bí ẹ bá wà ní Texas lọ́dún 2023, ẹ kò nílò kí a sọ ọ́ fún yín. Ní oṣù Kẹjọ, ó dé dígírì 109 ní Houston, ìyẹn nǹkan bíi 43 lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò nílé. Ooru ìlú yẹn kò tíì kọjá ibẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, a ó fa rọ́bà omi jáde, a ó rin gbogbo ọgbà dọ́gba-dọ́gba títí ilẹ̀ á fi máa dán. Ilẹ̀ amọ̀ dúdú ni ilẹ̀ Houston. Tó bá gbẹ, á là bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀. Tó bá mu omi yó, kì í jẹ́ kí omi náà lọ mọ́. Tẹ̀tẹ̀ ń yọ̀. Ṣọkọ ń yọ̀. Ìtàkùn ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ.

Ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ewé rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun wá bo àwọn tó kù, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúdú. Bó ṣe ń rọ la ń bomi sí i. Bí a ṣe ń bomi sí i ló ń rọ. Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án fi máa wọlé, igi gbígbẹ la kù sí.

Ìgbà yẹn la tó wá rántí pé nǹkan tí a ń tọ́jú, a kò mọ̀ ọ́n. A ya ewé méjì tó ṣẹ́kù ní fọ́tò, a fi han ápù kan lórí fóònù. Ápù náà fún wa lórúkọ mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó kọ́kọ́ ní jasmine ni. A tún un yà, ó ní poison ivy ni, ìtàkùn olóró tó ń mú kí ara wú kó sì máa yún èèyàn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ibi tí ẹni tó fẹ́ hú u dànù ti lọ wọ ìbọ̀wọ́ nìyẹn. A tún un yà lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní clematis ni.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí a ṣe mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kẹta ló jẹ òótọ́, torí ó lè wúlò fún yín níbi tí ẹ wà. Poison ivy máa ń ní ewé mẹ́ta-mẹ́ta, ọ̀wọ́ ewé rẹ̀ a sì máa tò lára igi bí ipasẹ̀ ẹni tó ń rìn: ọ̀kan lọ́tùn-ún, èkejì lókè díẹ̀ lósì. Ti clematis kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oríkèé kọ̀ọ̀kan lára ìtàkùn rẹ̀, méjì ni ewé ń yọ, wọ́n á sì dojú kọra wọn bí ìbejì. (Àwa gan-an ló yẹ ká kọ́kọ́ rí ìyẹn.) Bákan náà, kò ní okùn tín-ín-rín tí ẹ̀gúsí àti elégédé fi máa ń di nǹkan mú. Ọ̀pá ewé rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń wé mọ́ wáyà, bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń di ìka ẹni mú. A wo fẹ́ǹsì: igi ti gbẹ, ewé ti jábọ́, àwọn ọ̀pá ewé tó ti kú náà ṣì di wáyà mú típẹ́típẹ́. Ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ bọ́ ọ.

Àmọ́ kí ẹ sọ pé clematis ni kò tíì parí ọ̀rọ̀. Ó dà bíi kí ẹ béèrè orúkọ ọmọ kan, kí wọ́n ní "ọmọ Yorùbá ni." Clematis tó wà láyé tó bíi 300 oríṣi. Èyí tí wọ́n máa ń tà nínú ọ̀rá ní ìgbà ìrúwé, tí òdòdó rẹ̀ fẹ̀ bí àwo ọbẹ̀, ní àwọ̀ àlùkò, ibi tí òtútù ti ń mú ló ti ń gbádùn ayé. Ní Houston, ó lè yọ òdòdó lóṣù Kẹrin kó sì fi ìyókù ọdún máa kẹ́dùn. Èyí tó ń yọ òdòdó funfun kéékèèké nígbà tí ooru bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tó ń ta sánsán, apá Japan ni wọ́n ti gbé e wá, ó sì ti ya wọ igbó ilẹ̀ gúúsù Amẹ́ríkà débi pé wọ́n ń bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n má gbìn ín mọ́. Clematis funfun kan wà tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ní Amẹ́ríkà tí àwọn èèyàn ń ṣì mú fún un. Ẹ wo etí ewé. Etí ewé ti onílẹ̀ rí wérewère bí eyín ayùn, ti àjèjì dán.

Àwọn kan wá wà tí òdòdó wọn kì í là gbagada. Bí agogo kékeré ni wọ́n ṣe rí, wọ́n á sì sorí kọ́. Mẹ́ta nínú wọn ló ń hù ní Texas tí a fi lè rò pé tiwa wà nínú wọn. Clematis pitcheri, àlùkò ni òdòdó rẹ̀. Clematis crispa, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti ojú ọ̀run tó pàwọ̀ dà díẹ̀, etí rẹ̀ ká sẹ́yìn, etí irà ló sì máa ń gbé. Clematis texensis, òdòdó rẹ̀ pupa fòò, kò sì sí ibòmíràn láyé tí Ọlọ́run gbìn ín sí ju ilẹ̀ olókè tí wọ́n ń pè ní Edwards Plateau, ní àárín gbùngbùn Texas, níbi tó jẹ́ pé òkúta ẹfun lẹ ó máa gbẹ́ bí ẹ bá gbẹ́lẹ̀.

Ṣé ẹ rí ibi tí wàhálà wa wà? Bó bá jẹ́ ti etí irà ni, omi tí a ń dà sí i kò burú, ooru ló ń dà á láàmú, ká má dáwọ́ dúró. Bó bá jẹ́ ti orí àpáta ni, àwa la ń rì í sínú omi lálaalẹ́, pẹ̀lú ọwọ́ ara wa. Òdòdó ló máa yanjú ọ̀rọ̀ náà. Kò sì sí òdòdó lára rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó ti jókòó ti òdòdó yẹn rí, a ti sin ín.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe délẹ̀ fóìsì nóòtì nìyẹn.

Gbogbo yín lẹ mọ fóìsì nóòtì àwọn màmá. Ìṣẹ́jú mẹ́rin, ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ìkíni nìkan á gba ìṣẹ́jú kan, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á bá ẹni tó ń kọjá sọ̀rọ̀, kí wọ́n tó rántí ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. A jẹ́wọ́: nígbà ayé wọn, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni a kì í gbọ́ dé ìdí. A ó gbọ́ ìlàjì, a ó fi àtàǹpàkò tó nà sókè ránṣẹ́. Láti oṣù Kìíní, a kò tíì lè fọwọ́ kan ọ̀kankan. Ohùn yẹn wà nínú fóònù wa, ó kàn wà níbẹ̀ ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹwàá, a jókòó sí ilé ìdáná, a gbé fóònù sáàárín tábìlì, a bẹ̀rẹ̀. Àwọn ohun tí a gbọ́ kò sí fún títà nínú àròkọ. Ẹ jẹ́ ká kàn mú mẹ́ta níbẹ̀.

Àkọ́kọ́ wá láti oṣù Kẹta ọdún 2021. Ẹ rántí pé ní oṣù Kejì ọdún yẹn, òtútù kan jà ní Texas tí ẹ̀rọ omi bẹ́ nínú ilé, tí iná mànàmáná lọ fún ọjọ́ mélòó kan, tí ewúro màmá sì kú láti orí dé ẹsẹ̀. Àwa ti wà ní yunifásítì nílùú mìíràn nígbà náà. Nínú fóìsì nóòtì náà, màmá fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kọrin: "Ẹ̀yin ọmọ mi, Dọ̀bálẹ̀ ti jí o! Dọ̀bálẹ̀ ti jí! Mo rò pé ó ti lọ ni." A sún fóònù sókè ká wo èsì tí a fún wọn. Ọ̀kan nínú wa ti fi àtàǹpàkò ránṣẹ́. Ẹnìkejì kọ ọ́ pé: "Ọlọ́run ṣeun o, màmá. Ẹ bá wa kí wọn." Ará ìjọ kan tó wà ní ọsibítù la pe Dọ̀bálẹ̀.

Fídíò ló tẹ̀lé e, ní oṣù Kẹrin. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Fẹ́ǹsì onírin, lẹ́yìn náà ọwọ́ màmá, òrùka ìgbéyàwó lára rẹ̀. Òdòdó pupa kan tó dà bí ìkòkò kékeré tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹnu rẹ̀ pín sí mẹ́rin, ara rẹ̀ nípọn bí awọ. Màmá fi ìka kan gbé e lágbọ̀n, wọ́n ní: "Ẹ wò ó. Bí mo bá ti dé báyìí, ó ti dọ̀bálẹ̀. Òun ló gba ẹ̀kọ́ ilé nínú gbogbo ọmọ mi." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi òdòdó náà sílẹ̀, ó tún sorí kọ́.

Pupa. Ọmọ orí àpáta ni.

Ẹ̀kẹta ló dun wá jù. Oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni, màmá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n fi ọgbà sílẹ̀ fún wa. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ní ìṣẹ́jú kẹrin ni wọ́n tó sọ ọ́: "Ẹ fún ẹ̀fọ́ lómi lójoojúmọ́. Àmọ́ Dọ̀bálẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó o. Ẹ má fi omi pa á fún mi. Ìyá àgbà yẹn ní orí òkúta ni wọ́n ti rí i." Ìyá àgbà òyìnbó kan tí màmá tọ́jú fún ọdún méjì ló ní ilé kan ní ilẹ̀ olókè yẹn. Òun ló fún màmá ní ọmọ ìtàkùn náà nínú ike.

A kò gbọ́ ìṣẹ́jú kẹrin yẹn lọ́dún 2022. A kò bomi rin nǹkan kan rárá lọ́dún 2022. Ìgbà tí màmá dé, ẹ̀fọ́ ti kú, wọ́n bínú sí wa fún ọjọ́ mẹ́ta, Dọ̀bálẹ̀ nìkan ló wà lórí fẹ́ǹsì tó ń ṣe dáadáa. Ọ̀lẹ wa ló gbà á là lọ́dún yẹn. Lọ́dún tí a wá fẹ́ràn rẹ̀ tán, a rì í.

Ọjọ́ kejì la gbẹ́ ẹ. Amọ̀ náà ń rùn bí omi fùfú. Gbòǹgbò rẹ̀ dúdú, ó rọ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ já sí wa lọ́wọ́. Àmọ́ láàárín, níbi tí ìtàkùn ti bẹ̀rẹ̀, gbòǹgbò bíi mẹ́fà ṣì le, àwọ̀ rẹ̀ sì dára. A gé èyí tó rà kúrò. A kó ebè gíga kan sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì, amọ̀ díẹ̀, ajílẹ̀ díẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ tó pọ̀, kí omi lè máa rí ọ̀nà lọ. Ibi tí oòrùn àárọ̀ ti ń dé la kó o sí, tí ibòji sì máa ń bò lẹ́yìn aago méjìlá. Bí clematis bá máa gbé ilẹ̀ ooru, ohun tó ń fẹ́ ni kí orí rẹ̀ rí oòrùn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má gbóná. Nítorí náà a gbé òkúta pẹlẹbẹ kan lé ìdí rẹ̀, a da èèpo igi yí i ká. Omi, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó wọlẹ̀ jinlẹ̀. Tí òjò bá rọ̀, kò sí omi.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa ni bí ìdúró yẹn ṣe máa pẹ́ tó. Clematis tí ooru tàbí òtútù bá lé wọlẹ̀ lè wà lábẹ́ ilẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kó rí bí òkú pátápátá. Ẹ má tíì hú u. Texensis gan-an, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ara ìtàkùn tuntun ló ń yọ òdòdó, kò burú bí gbogbo tòkè bá lọ. Àwa mọ èyí, a ti kà á. Síbẹ̀ ọ̀kan nínú wa ń lọ fi ìka họ ilẹ̀ wò ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ẹnìkejì sì ń bínú sí i. Kérésìmesì kọjá. Ìrántí ọdún kan màmá kọjá.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹta ọdún 2024, nǹkan méjì yọrí lábẹ́ òkúta náà, wọ́n pọ́n díẹ̀ bí imú ọmọ eku. Ẹni tó ń họ ilẹ̀ wà níbi iṣẹ́. Ẹnìkejì ló rí i. Ó gba fóìsì nóòtì, ìṣẹ́jú mẹ́rin: "Dọ̀bálẹ̀ ti jí o." A fi ránṣẹ́ sí àǹtí wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ náà. Èsì àǹtí ni: "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ta ni ń jẹ́ Dọ̀bálẹ̀?"

A fi fídíò màmá ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n kò fèsì títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí wọ́n pè, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni bóyá wọ́n ń jẹ ẹ́. A ní rárá o, oje rẹ̀ máa ń ta èèyàn lára, bó bá dé ẹnu á bó o. Wọ́n ní kí ló wá ń ṣe ní ọgbà ẹ̀fọ́? Wọ́n ní ṣé irú rẹ̀ wà nílé? A ní ìbátan rẹ̀ wà, Clematis hirsuta, òdòdó funfun, a máa hù káàkiri ilẹ̀ ọ̀dàn Áfíríkà, Nàìjíríà náà wà níbẹ̀. Hóró rẹ̀ máa ń ní ìrù funfun bí irùngbọ̀n arúgbó. Àǹtí ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn á ti rí i lójú ọ̀nà oko láìmọye ìgbà, ta ló ń wo ìtàkùn?

Òdòdó méjì péré ló yọ lóṣù Kẹrin. Òyìnbó ti kó ìran ìtàkùn yìí lọ sí England láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Jackman ní Woking fi bí oríṣi tuntun tó rẹwà ju tiwa lọ, wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ àwọn ìyàwó ọmọ ọba. A ti rí fọ́tò wọn. Òdòdó ibẹ̀ ń gbójú sókè. Kò wù wá.

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Keje, ìjì Beryl wọ Houston. Igi aládùúgbò, èyí tó ń ṣíji bo Dọ̀bálẹ̀, wó lu fẹ́ǹsì, ó gbé e sùn. A wà nínú òkùnkùn fún ọjọ́ márùn-ún, láìsí ẹ̀rọ amúlétutù. Àmọ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ẹran tó wà nínú fíríìjì, àwa méjèèjì ti wà lẹ́yìnkùlé tí a ń fi ayùn ọwọ́ gé ẹ̀ka kúrò. Ó wà lábẹ́ wáyà, ó tẹ́ sílẹ̀ gbalaja, kò já. Ẹnìkan ní ó ti wá dọ̀bálẹ̀ gidi báyìí. A rẹ́rìn-ín débi pé a jókòó sílẹ̀.

Nínú oṣù Kẹjọ ni àwọn tó ń tún fẹ́ǹsì ṣe dé, ọkùnrin méjì ará Mẹ́síkò. A ti bo ìdí rẹ̀ pẹ̀lú garawa, a wá dúró tì í. Èyí tó dàgbà nínú wọn ṣí garawa wò, ó bi wá ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni wọ́n ń pè é. A lè sọ pé clematis. A ní Dọ̀bálẹ̀. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó da garawa padà síbi tó wà, ó sì pariwo nǹkan kan sí ẹnìkejì rẹ̀ tó ń gbé òpó bọ̀. Èdè Sípéènì ni, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la gbọ́ níbẹ̀.